Gbèsè Tí Nicolas Pépé Kò Jẹ

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ẹnì kan mú mákà dúdú, ó kọ ìṣirò kan sára ògiri ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ní àdúgbò wa n'Íbàdàn: 22 + 22 + 13 = 57. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. 22 àkọ́kọ́ ni góòlù Pierre-Emerick Aubameyang, èyí tó jẹ́ kí òun, Salah àti Mané ti Liverpool jọ pín bàtà wúrà líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. 13 ni ti Alexandre Lacazette. 22 tó wà láàárín ni ti ọmọkùnrin tí Arsenal rà lọ́jọ́ náà gan-an láti Lille ní ilẹ̀ Faransé, Nicolas Pépé, ọmọ Ivory Coast tí wọ́n bí sí Mantes-la-Jolie lẹ́bàá Paris. Mílíọ̀nù 72 pọ́ùn ni wọ́n rà á. Arsenal kò ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí agbábọ́ọ̀lù ọmọ Áfíríkà kankan tí wọ́n tíì rà tó iye yẹn nígbà náà.

Mo ń kọ èyí torí pé bí wọ́n bá dárúkọ Pépé láàárín àwa ọmọ Arsenal lónìí, ẹ̀rín la fi ń dáhùn, a ó ní owó ṣòfò. Mo wà níbẹ̀ láti alẹ́ tí a kọ nǹkan sára ògiri yẹn títí di ọjọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò, ohun tí mo rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Àwa la kọ ìwé gbèsè, àwa la fi orúkọ rẹ̀ sí i, àwa náà la tún lọ dógò tì í pé kó san án. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí ebi ṣe ń pa wá tó. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, Chelsea nà wá ní 4-1 ní Baku nínú àṣekágbá Europa League. Ká ní a gba ife yẹn ni, à bá padà sí Champions League. Nínú líìgì, máàkì 70 la ní, Tottenham ní 71, àwọn ló gba ipò kẹrin, àwa wà ní karùn-ún. Máàkì kan ṣoṣo. Ní gbogbo oṣù keje, bí a bá ti jí, orúkọ Wilfried Zaha la máa ń wá lórí fóònù. Àwọn oníròyìn ní owó tó wà lápò Arsenal kò ju bíi mílíọ̀nù 45 lọ. Wọ́n ní a fi 40 lọ Crystal Palace lórí Zaha, àwọn yẹn ní 80 ni àwọn ń gbà. Ẹni tó bá ti ń náwó sí ìrètí láti ọjọ́ tó pẹ́ yóò mọ bó ṣe máa ń rí: ó ti ń sú wa, a ti ń bú àwọn tó ni ẹgbẹ́ pé ahun ni wọ́n. Lójijì ni wọ́n gbé 72 kalẹ̀ lórí ẹlòmíràn.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa san án, bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀kadà tí wọ́n á máa dá owó padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tó fetí sí ìyẹn. 72 ló wọ̀ wá létí, òun náà ló sì dúró níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni fídíò dé. Ọmọ kan tó ń ta káàdì ìpè ló mú un wá, fóònù rẹ̀ ti sán lójú bí àwo tó jábọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Bí i ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. A kó orí jọ lé e, àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Pépé a gba bọ́ọ̀lù ní ọwọ́ ọ̀tún, a fi ẹsẹ̀ òsì fà á wọlé, a wo igun, a fi ẹsẹ̀ òsì kan náà ká a sínú àwọ̀n. Ó tún ṣe é. Ó tún ṣe é. Ẹnì kan ní, "Ẹ ò rí ẹsẹ̀ yẹn? Bí ẹni fi ṣíbí bu ọbẹ̀ ni." Nínú gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, bọ́ọ̀lù kankan kò bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a sì rò nìyẹn, pé bó ṣe máa ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí a má gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó kàn wá ju bó ṣe kan àwọn ọmọ Arsenal tó wà ní London lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, ọ̀sẹ̀ kan gééré lẹ́yìn tí Pépé dé, ọjọ́ tí ọjà ríra agbábọ́ọ̀lù parí, Arsenal ta Alex Iwobi fún Everton. Ọmọ wa ni Iwobi. Èkó ni wọ́n bí i sí, Jay-Jay Okocha ni àbúrò ìyá rẹ̀ àbí ẹ̀gbọ́n, ká ṣáà sọ pé bọ́ọ̀lù wà nínú ìran wọn. Láti kékeré ló ti wà ní Arsenal. A pàtẹ́wọ́ nígbà tó ń lọ. Mo pàtẹ́wọ́. A ní ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá ti dé, kí ẹni tí kò lè gbá a sílé máa lọ. Títí di òní, bí mo bá rántí, ó máa ń dùn mí, nítorí a fi ọmọ tí a mọ̀ sílẹ̀ tìdùnnú-tìdùnnú nítorí fídíò ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Bàbá télọ̀ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé ìwòran náà. Láti ìgbà tí Kanu ti wà ní Arsenal ló ti ń tẹ̀ lé wọn, ìyẹn láti ọdún 1999. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kejì tí a kọ ìṣirò yẹn, ó wọlé wá gba ṣéńjì, ó rí ògiri, ó dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, góòlù 22 tó jẹ ní Faransé yẹn, mélòó ni pẹ́náritì níbẹ̀?"

"Bàbá, góòlù ni góòlù ń jẹ́ o."

"Mo mọ̀. Mélòó ni?"

Ẹnì kan yẹ fóònù wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fọhùn. "Mẹ́sàn-án ni, sà."

"Ta ló ń gbá pẹ́náritì ní Arsenal?"

"Auba ni, sà. Bí kò bá sí, Laca ni."

Bàbá gba ṣéńjì rẹ̀. "Ẹ ti ra aṣọ náà. Ẹ ò wọn ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́." Ó jáde.

A rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí inú rẹ̀ kò dùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà bó ṣe yẹ ká ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú 22, ó ku 13. Góòlù 13 láti ẹ̀gbẹ́ fún ọmọ ọdún 24 kò kéré rárá, ó dára gan-an ni, pàápàá tí ó tún gbé bọ́ọ̀lù 11 fún àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n gbá a sílé. Ṣùgbọ́n 13 kọ́ la kọ sára ògiri.

Èyí tó tún ju ti pẹ́náritì lọ ni bí Lille ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Christophe Galtier ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ní sáà 2018-19, ipò kejì ni wọ́n ṣe sí Paris Saint-Germain, Kylian Mbappé nìkan ló sì jẹ góòlù ju Pépé lọ ní gbogbo líìgì náà. Ọgbọ́n tí Lille ń lò ni pé wọ́n á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n máa bọ̀, títí ẹ̀yìn wọn yóò fi ṣófo. Bí wọ́n bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, Jonathan Bamba ní òsì, Pépé ní ọ̀tún, eré ló kù. Ẹ wo ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2019 tí wọ́n fi 5-1 na PSG, tí Pépé náà sì jẹ nínú rẹ̀. Nínú irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, pápá gbalasa ló máa ń wà níwájú rẹ̀, adènà kan ṣoṣo ló máa kù, onítọ̀hún á sì máa sá padà sẹ́yìn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọkùnrin tó bá ní irú ẹsẹ̀ òsì yẹn, kí lẹ fẹ́ kó ṣe é sí bí kò ṣe góòlù?

Ní Arsenal, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó bá wá sí Emirates, pápá wa, kì í wá sáré. Wọ́n á to ara wọn síwájú ilé wọn, mẹ́rin, márùn-ún, wọ́n á ní kí ẹ wá. Ibi tí Pépé ti ń gba bọ́ọ̀lù há bí ọjà Bódìjà ní ọjọ́ ọdún ku ọ̀la. Ó dúró lójú kan nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni méjì ti wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn sì ti wo fídíò tí àwa náà wò: ẹ má jẹ́ kó yí sí òsì. Bí wọ́n bá ti dí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò lè ṣe púpọ̀. Gbogbo èyí wà lójútáyé fún ẹni tó bá fẹ́ rí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. A tiẹ̀ ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ rí. Ní 2011, láti Lille yìí kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n gba líìgì àti ife ilẹ̀ Faransé, ni Gervinho ti wá sí Arsenal, ọmọ Ivory Coast kan náà, ẹlẹ́sẹ̀ eré kan náà. Ọdún méjì ló lò kó tó kọjá sí Roma. Kò sí ẹni tó dárúkọ Gervinho lálẹ́ ọjọ́ mákà yẹn.

Ẹ tún wò ó pé kò sinmi. Ìdíje ife Áfíríkà wáyé ní Íjíbítì ní oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún náà. Ọjọ́ 11 oṣù keje ni Algeria fi pẹ́náritì lé Ivory Coast jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ló buwọ́ lùwé ní London, ọjọ́ mẹ́wàá sí i ló wọlé láti orí bẹ́ǹṣì ní Newcastle.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ti Liverpool ní Anfield, ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ. 3-1 ni wọ́n nà wá. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ tí mo rántí dáadáa. Ó kù òun àti gólì wọn, Adrián, ó gbá bọ́ọ̀lù náà lé e lọ́wọ́ tààrà. A kígbe, a di orí mú. Ìkejì ni pé ó fi bọ́ọ̀lù kọjá lára Virgil van Dijk, adènà wọn. Ẹ̀yin tó ń wo bọ́ọ̀lù nígbà náà mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 50, kò sí ẹni tó tíì gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára ọkùnrin yẹn. Ilé ìwòran náà dìde. Ó dà bí pé a ti jẹ góòlù. A pàdánù 3-1, a sì ń lọ sílé tẹ̀rín-tẹ̀rín nítorí pé Pépé kọjá lára Van Dijk. Bí ìrètí ṣe máa ń ṣe èèyàn nìyẹn, ohun tó bá fẹ́ rí nìkan ni yóò máa kó jọ.

Góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ kò dé títí di ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú Aston Villa. Pẹ́náritì ni. Aubameyang ló gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ pé kó gbá a, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Mo fẹ́ràn Aubameyang fún ìyẹn. Ó rí ohun tí àwa kò rí, pé ọmọ náà ti ń gbé ẹrù tó wúwo.

Nígbà tó wá di ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, Vitória Guimarães láti ilẹ̀ Potogí wá sí Emirates nínú Europa League. Wọ́n ti fi 2-1 ṣíwájú wa. Ọ̀pọ̀ ló ti ń bọ̀ sójú títì. Unai Emery, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, gbé Pépé wọlé nígbà tó ku bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ìṣẹ́jú 80, a gba fíríkíkì. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbé e gba orí àwọn tó tò síwájú, ó wọlé. 2-2. Ní ìṣẹ́jú kejì àfikún àkókò, fíríkíkì mìíràn. Ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wa ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo. Kò sí ẹni tó mí. Ẹsẹ̀ òsì kan náà, igun tó yàtọ̀. 3-2. Àga ṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé mi sókè, mi ò mọ ẹni tó gbé mi. Gbogbo ẹnu ló ń pariwo kan náà: "Ó ti dé! Ó ti dé!"

Nígbà tí mo bá ro ó wò, góòlù méjì yẹn ṣe é ní jàm̀bá. Ká ní kò jẹ ẹ́ ni, à bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùúrù kọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rí ti dé, ó ní i lẹ́sẹ̀, ó kàn ń fi pamọ́ fún wa ni. Láti ìgbà náà, bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọn kì í sọ pé kò ṣeé ṣe mọ́, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀rọ̀ náà yí padà láti "yóò ṣe é" sí "kò fẹ́ ṣe é," ìkejì yìí sì burú ju ìkíní lọ fún ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ sí.

Ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ni wọ́n lé Emery. Freddie Ljungberg dì í mú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni Pépé ti jẹ ọ̀kan tó rẹwà ní West Ham ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá. Kí Kérésì tó dé, Mikel Arteta ti wọlé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta láàárín oṣù márùn-ún, oníkálùkù pẹ̀lú ohun tó fẹ́ kí ọmọ ọ̀tún máa ṣe. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2020, ó jẹ góòlù sílé Manchester United, a nà wọ́n ní 2-0. Lẹ́yìn náà ló tún dákẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ ọdún 18 kan wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, tí wọ́n rà lóṣù keje ọdún kan náà láti Ituano, ẹgbẹ́ kékeré ní Brazil, ní bíi mílíọ̀nù mẹ́fà pọ́ùn. Gabriel Martinelli. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára ògiri. Kò sí ẹni tó mú fídíò rẹ̀ wá. Góòlù mẹ́wàá ló jẹ ní sáà yẹn nínú gbogbo ìdíje. Pépé jẹ mẹ́jọ. Mo mọ̀ pé Martinelli dára, mi ò fẹ́ gba ìyìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fetí ara mi gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sí àwọn méjèèjì lórí àga kan náà. Bí Martinelli bá pàdánù bọ́ọ̀lù, a ó ní, "Má dààmú, ọmọdé ni." Bí Pépé bá pàdánù bọ́ọ̀lù, a ó ní, "Mílíọ̀nù 72!" Orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn láàárín wa nígbà tí sáà fi máa parí. Wọn kì í pe Pépé mọ́. "Ẹ yọ mílíọ̀nù 72 kúrò!" Bọ́ọ̀lù kan náà ló bọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì.

Nígbà tí líìgì parí, Aubameyang tún jẹ 22 bí a ṣe kọ ọ́. Lacazette jẹ mẹ́wàá. Pépé jẹ márùn-ún, ó sì gbé mẹ́fà fún ẹlòmíràn. Àpapọ̀ 37. A wà ní ipò kẹjọ pẹ̀lú máàkì 56.

Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, tó pé ọdún kan géérégé tó ti dé, a gba ife FA ní Wembley lọ́wọ́ Chelsea, 2-1. Kòrónà ti gbogbo ilé ìwòran pa ní àdúgbò wa, ilé ni mo ti wò ó, èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ, Wembley fúnra rẹ̀ ṣófo. Pépé ti kọ́kọ́ ká ọ̀kan wọlé tó dára púpọ̀, wọ́n ní ofúsáìdì ni. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 67, Héctor Bellerín sáré gba àárín kọjá, bọ́ọ̀lù já sí ẹsẹ̀ Pépé, ó sì fà á fún Aubameyang, onítọ̀hún yí i gba orí gólì sínú ilé. Góòlù tó fún wa ní ife nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, orí Aubameyang ni gbogbo ìyìn wà. Mo ń retí kí ẹnì kan dárúkọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún un. Kò sí.

Mo ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ara mi. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2020, ní Leeds, Pépé fi orí kan Ezgjan Alioski, wọ́n fún un ní káàdì pupa, 0-0 la gbá. Ó ṣe ohun tí kò dára, Arteta sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n mo lọ sórí Facebook lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní fẹ́ kí ọmọ mi kà. Nígbà tó yá ni mo rí irú èébú tí àwọn kan fi ránṣẹ́ sí òun àti Alioski fúnra rẹ̀, èébú tó fi jẹ́ pé Arsenal àti Leeds ní láti jáde bẹnu àtẹ́ lù ú. Mo pa tèmi rẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kò tó tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la jọ ń rìn.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni sáà yẹn gan-an. Ẹ lọ wo ìwé. Ní 2020-21, Lacazette jẹ 17 nínú gbogbo ìdíje, Pépé jẹ 16, Aubameyang jẹ 15. Òun ló ṣe ìkejì ní Arsenal. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ jẹ́ ti líìgì. Ní òpin sáà, ó jẹ méjì ní Crystal Palace, lórí pápá Zaha tí à ń sunkún fún lọ́jọ́sí, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ó tún jẹ méjì pẹ̀lú Brighton. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Arsenal mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tó rántí. A ti ṣe ìdájọ́ tipẹ́, kò sí ẹni tó ń ka ìwé mọ́.

Nígbà yẹn, Bùkáyọ̀ Saka ti gba ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ Yorùbá, wọ́n bí i sí London, Hale End tí Arsenal ti ń tọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ti jáde, wọn kò fi kọ́bọ̀ rà á. Kò sí bí Pépé ṣe lè jà á gbà, Saka mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibi tó há yẹn, inú ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Inú mi dùn sí Saka, bí i pé ọmọ mi ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń wo ẹnì kejì lórí bẹ́ǹṣì, tó fi aṣọ bo orí títí dé ojú.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022, Wolves ń nà wá ní 1-0 ní Emirates. Pépé wọlé. Ní ìṣẹ́jú 82, Nketiah gbé bọ́ọ̀lù fún un nínú ibi tó há, ó yí, ó gbá a wọlé. Níkẹyìn, òun àti Lacazette jọ ṣe é, bọ́ọ̀lù náà kan ọwọ́ gólì Wolves, ó wọlé, 2-1. Góòlù kan ṣoṣo tó jẹ nínú líìgì ní sáà náà nìyẹn, òun ló sì jẹ kẹ́yìn fún wa. Ní oṣù kẹjọ wọ́n yá a fún Nice ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 wọ́n fòpin sí àdéhùn rẹ̀, ó lọ sí Trabzonspor ní Tọ́kì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà 112 ló gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, ó jẹ góòlù 27, ó sì gbé 21 fún ẹlòmíràn. Owó náà kò padà, òótọ́ ni. Ẹni tó dúnàá dúrà náà la gbọ́dọ̀ bi, Pépé kọ́ ló fi iye lé orí ara rẹ̀.

Nígbà tí Declan Rice dé ní oṣù keje ọdún 2023, tí owó rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù 100, mo fetí sílẹ̀ nílé ìwòran. Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ béèrè pé, "Ibo ni wọ́n máa gbé e sí? Ta ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?" Kò sí ẹni tó wá mákà. Bàbá télọ̀ wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ní 2024 ni Pépé lọ sí Villarreal ní ilẹ̀ Sípéènì. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n wá bá Arsenal gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ní Emirates, wọ́n sì nà wá ní 3-2. Pépé ló jẹ góòlù àkọ́kọ́. Àwa tó wà nílé ìwòran lọ́jọ́ náà kò ju bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bàbá télọ̀ ló kọ́kọ́ dìde tó pàtẹ́wọ́, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ tó ń ta káàdì dìde. Èmi náà dìde.